Táyà Kì Í Ṣe Òṣùká

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú mi, kó sọ lójú mi pé ohun tó rọ̀ kì í pa èèyàn. Mo ti darúgbó, eyín mi ò pé mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ṣì lè gbé mi dìde lórí àga. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà níbi ìkómọ pé kí ayé rọ ìyá ọmọ lọ́rùn, èmi náà a ṣe àmín, nítorí ojú ayé. Nínú ikùn mi, ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí Ọlọ́run jẹ́ kó ṣe déédéé, kó má le jù, kó má sì rọ̀ jù.

Port Harcourt la wà nígbà náà, ní Mile One, Diobu, ní ọdún bíi mélòó kan kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Akọ̀wé ni ọkọ mi ní wáàfù. Òun ló ń ka ẹrù tó ń ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sílẹ̀. Èmi ń ránṣọ. Yàrá kan àti pálọ̀ la gbà nínú ọgbà tí àwọn Ìbò, Ìkwẹrẹ́ àti Kalabari kún inú rẹ̀, àwa nìkan sì ni Yorùbá ibẹ̀. Òjò ìlú yẹn dà bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ. Bí kò bá rọ̀ láàárọ̀, ó ń bọ̀ lọ́sàn-án, ẹrẹ̀ kì í sì í tán lẹ́nu ọ̀nà wa àfi nígbà ọyẹ́.

Òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ mi ló fi alùpùpù rẹ̀ sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Dúdú ni, ó wúwo bí màlúù, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ débi pé mo máa ń gbé ọbẹ̀ kaná bí mo bá ti gbọ́ ọ lókèèrè. Òyìnbó náà tún fún un ní gééjì, ohun èlò kékeré kan tó rí bí kálàmù. Bí a bá ti ẹnu rẹ̀ bọ ọrùn táyà, ìyẹn ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, igi tín-ín-rín kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára á yọ jáde ní ìdí rẹ̀, á sì sọ bí afẹ́fẹ́ inú táyà ti pọ̀ tó. Àpò àyà ẹ̀wù ni ọkọ mi ń fi í sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kálàmù gidi. Mo sọ fún un pé lọ́jọ́ kan yóò fi gééjì buwọ́ lùwé ní wáàfù, wọn á sì lé e dànù.

Kò fi ẹ̀kọ́ òyìnbó náà ṣeré rárá. Táyà iwájú, méjìdínlógún. Ti ẹ̀yìn, méjìlélógún bó bá jẹ́ òun nìkan ló gùn ún. Bí ẹlòmíràn bá jókòó lẹ́yìn rẹ̀, kó fẹ́ ti ẹ̀yìn dé méjìdínlọ́gbọ̀n. Àárọ̀ ni kó máa wọ̀n ọ́n, kó tó gùn ún jáde, nítorí táyà tó bá ti rìn nínú oòrùn ti gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti wú, nọ́ńbà tó bá mú wá, irọ́ ni. Bí iṣẹ́ bá gbé e dé Borokiri, níbi tí ẹrẹ̀ etí omi ti ń gbé ẹsẹ̀ mì, á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde kí táyà lè tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ẹrẹ̀. Bó bá ti padà sórí títì ọlọ́dà, á sọ̀ kalẹ̀, á yọ pọ́ǹpù lára alùpùpù, á máa fẹ́ ẹ títí òógùn á fi bò ó lójú. Mo fi ṣe ẹlẹ́yà títí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yé mi. Aránṣọ ni mí. Òwú tó bá le jù lórí maṣíìnì a já. Èyí tó bá dẹ̀ jù a ta kókó lábẹ́ aṣọ, níbi tí ojú ò tó, ọjọ́ tí oníbàárà bá sì wọ aṣọ náà jáde lo tó máa mọ̀.

Oyún méjì ti bàjẹ́ lára mi ṣáájú àkókò yìí. Èkíní bọ́ kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Èkejì dàgbà díẹ̀ kó tó lọ. A ti máa ń bá a sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Nígbà tí ẹ̀kẹta dúró, tó sì kọjá oṣù tí àwọn yòókù fi ń lọ, ọkọ mi ránṣẹ́ sílé, ìyá rẹ̀ sì dé láti wá ṣọ́ mi. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé ìyá náà dé etí Odò Ọya ní Asaba, ó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá, ó tún wọ ọkọ̀ akẹ́rù mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ èdè kankan yàtọ̀ sí tiwa. Ọkọ mi nìkan ni ọmọ rẹ̀ tó yè. Ọmọ tó wà nínú mi yìí ló fẹ́ rí kó tó kú, ó sì ń sọ ọ́ gbangba, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ìlú tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ni ìyá ọkọ mi ti wá. Láti kékeré ló ti ń ru ìkòkò láti ilé àwọn tó ń mọ ọ́n lọ sí ọjà ọ̀nà jíjìn, ó sì máa ń sọ pé ìkòkò kan ò fọ́ lórí òun rí. Òṣùká rẹ̀ bá a dé Port Harcourt. Aṣọ òkè àtijọ́ kan ni, tó ti fọ̀ títí ó fi rọ̀ bí etí ọmọ tuntun, tó máa ń ká bí òrùka, tó ń gbé sórí kí ẹrù tó jókòó lé e. Garawa omi ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin ọgbà ń fi ọwọ́ fà wálé, orí òṣùká yẹn lòun ń gbé e sí, kò sì ní kán sílẹ̀.

Àwa méjèèjì ò jà rí. Ẹnu mi mú, ó sì mọ̀. Ó máa ń sọ fún àwọn ará wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Ẹnu ìyàwó mi yìí mú bí abẹ, ṣùgbọ́n kì í purọ́ fún mi. Èyí tó dùn àtèyí tí kò dùn, ojú mi ló ń sọ ọ́." Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí, torí kì í ṣe gbogbo ìyá ọkọ ló lè rí irú ẹnu yẹn kó yìn ín.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ àwọn aboyún ní ilé ìwòsàn kan nígboro. Bọ́ọ̀sì onípákó tó ń ti Mile One lọ, ìjà ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, bẹ́ǹṣì rẹ̀ a sì máa ju èèyàn sókè. Ọkọ mi ní òun á máa fi alùpùpù gbé mi lọ jẹ́jẹ́, òun á sì tọrọ àyè díẹ̀ níbi iṣẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ tí ìyá rẹ̀ bá wa lẹ́nu rẹ̀, ó ti fẹ́ táyà ẹ̀yìn dé méjìdínlọ́gbọ̀n, mo sì ti ń ká ìró mi kí n lè jókòó.

"Níbo lẹ̀ ń lọ?" ni ìyá náà bi í.

"Ọsibítù ni mo fẹ́ gbé ìyàwó lọ, Màámi."

"Lórí kiní yìí?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ táyà ẹ̀yìn. Kò wọlé. "Òkúta nìyí. O fẹ́ gbé aboyún lórí òkúta?"

"Bó ṣe yẹ kó le nìyẹn, Màámi. Èèyàn méjì ló máa gbé."

"Mẹ́ta," ni ìyá rẹ̀ wí. "O ń kà á ní wáàfù, o ò mọ̀ ọ́n kà nílé."

Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó gbé òṣùká rẹ̀ jáde, ó nà án sí ọmọ rẹ̀. "Fọwọ́ kàn án. Bí ẹrù bá ṣe wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ni òṣùká gbọ́dọ̀ ṣe rọ̀ tó. Ẹni tó bá fi èyí tó le ru ìkòkò, ọrùn á wọ́ ọ, ìkòkò á sì fọ́. Èmi tí mo fi orí mi ṣe é ló ń sọ fún ọ."

"Màámi, táyà kì í ṣe òṣùká."

"Kí ni iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà? Ṣé abẹ́ ẹrù kọ́ ló wà ni?"

Ọkọ mi dá òṣùká náà padà fún un. Títí dòní, bí mo bá ro ọ̀rọ̀ yẹn, ó ṣì ń jọ òótọ́ létí mi, ohun tó sì ń dùn mí jù nínú rẹ̀ nìyẹn.

A lọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, lórí táyà líle. Gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ló kí mi nídìí, ẹ̀yìn sì ń ro mí nígbà tí mo délé. Ìyá ọkọ mi fi ọwọ́ bọ́ mi lábẹ́ ìró, ó gbé e lé ikùn mi, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Méjì ti lọ," ni ó wí. "Ṣé ó di ìgbà tí ẹ̀kẹta bá lọ kó o tó gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu?"

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ mi fi orí èékánná tẹ ọrùn táyà, afẹ́fẹ́ sì ń sú jáde, ìyá rẹ̀ dúró tì í, ó ń fi àtàǹpàkò wò ó títí ó fi ní ó tó. N ò ní purọ́: ìrìn ọjọ́ yẹn dùn mọ́ mi. Àfi bíi pé a gun orí tìmùtìmù. Àwọn kòtò tó ti ń gbá mi ń kọjá lábẹ́ mi láìṣe mí ní nǹkan kan. Mo délé tayọ̀tayọ̀, mo sì sọ fún ìyá náà pé ó ṣeun. Ó pàtẹ́wọ́, ó jó díẹ̀ nínú ọgbà, àwọn obìnrin Ìbò tí kò mọ ohun tó fà á náà sì bá a pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, òun ló di gééjì. Láràárọ̀ Ọjọ́bọ̀ á jáde, á bẹ̀rẹ̀, á tẹ táyà. Bí ikùn mi ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń ní kí wọ́n dín afẹ́fẹ́ kù sí i, gẹ́gẹ́ bí òfin òṣùká: ẹrù ń wúwo, kí abẹ́ rẹ̀ máa rọ̀. Bí mo bá ti jókòó, mo máa ń rí i pé táyà náà tẹ́ sílẹ̀, ó fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ọkọ mi wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ó wo nọ́ńbà tó yọ jáde, ó dá gééjì padà sí àpò, kò sọ iye tó jẹ́ fún mi. Lẹ́yìn ìyẹn, kò wọ̀n ọ́n mọ́ ní Ọjọ́bọ̀.

Mo bi í nínú yàrá, nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ pọnmi. Mo ní, "Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ pé méjìdínlọ́gbọ̀n?"

"Èmi ni."

"Kí ló wá dé? Ṣé nọ́ńbà ti yí padà ni?"

"Jẹ́jẹ́ ni mo ń gùn ún. Kò sì jìnnà." Ó ń wo ilẹ̀. "Ṣé o fẹ́ kí n bá ìyá mi jà nítorí afẹ́fẹ́ ni?"

Nítorí afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wí. Lóòótọ́, ta ló fẹ́ ìjà nítorí ohun tí kò ṣeé rí, pẹ̀lú ìyá tó fi ọkọ̀ akẹ́rù la odò kọjá láti wá fi ọwọ́ kan ikùn ìyàwó ọmọ rẹ̀? Ọkọ mi mọ ohun tó tọ́, ó sì mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n ọmọ tí a tọ́ dáadáa ni. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọmọ tí a kò tọ́ ì bá ti pariwo, ì bá sì ti fẹ́ táyà rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tí ó ṣẹlẹ̀, oòrùn mú bí iná. Ọyẹ́ ti gbẹ ìlú náà, ọ̀dà ojú títì sì ń yọ́, ó ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gbé ìwo onígi lé ikùn mi, ó tẹ́tí sí i, ó ní ọkàn ọmọ náà ń lù kìkìkì bí aago. Mo sọ fún ọkọ mi, ó sì gbàgbé pé àárín ìgboro la wà, ó dì mọ́ mi. Ó ní kí a yára délé kí òun lè sọ fún Màámi kí òun tó padà síbi iṣẹ́. Ayọ̀ yẹn ló jẹ́ kó sáré ju bó ṣe máa ń sáré lọ.

A ti kọjá ojú irin, a ti ń bọ̀ ní Diobu, nígbà tí ìdí alùpùpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì, bí obìnrin tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ijó. Mo di ìgbànú ọkọ mi mú. Mo gbọ́ ohùn kan lábẹ́ mi, kì í ṣe bíi ti ìbọn; ó kàn ṣe fùú, bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà irin ń ha ojú ọ̀nà. Ọkọ mi ṣubú síwájú. Èmi ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, etí gọ́tà sìmẹ́ńtì ni mo sì fi ikùn sọ.

Iwájú ìsọ̀ fọkanáísà kan ni, àwọn tó ń lẹ táyà. Àwọn obìnrin gbé mi sábẹ́ òjìji rẹ̀, wọ́n fi ìró bò mí, wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró. Ẹ̀jẹ̀ ti ń bọ̀. Mo dùbúlẹ̀, mo sì ń wo ọkùnrin fọkanáísà náà, torí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ojú mi kọ sí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ síbi táyà, ó ń fi ọwọ́ wá a kiri, yíká yíká. Ọkọ mi dúró tì í, awọ apá rẹ̀ ti bó, ó sì ń sọ pé ìṣó ni, ó ní láti jẹ́ ìṣó.

Fọkanáísà náà mi orí. "Oga, no be nail," ni ó wí. "Breeze no dey inside this tyre at all. The tube don turn inside, e don cut e own neck. Who tell you make you carry madam like this?"

Ó nawọ́ sí ibi tí ọrùn táyà máa ń yọ sí. Ihò lásán ló kù. Nítorí pé afẹ́fẹ́ kò tó láti mú táyà mọ́ irin, táyà ti ń sún díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó ń fa túùbù inú rẹ̀ lọ, títí ọrùn túùbù fi há, tó sì já. Ọkọ mi wo ihò náà.

Ọmọkùnrin ni mo bí nílé ìwòsàn. Kò ké. Wọ́n fi hàn mí, mo rí i pé ètè rẹ̀ jọ ti ọkọ mi, mo sì ní kí wọ́n gbé e kúrò.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sunkún. Ó wo ikùn mi tó ti wálẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ìṣó ni, Màámi," ni ọkọ mi wí. Ojú mi ló ti wí i. "Ìṣó ló gún táyà."

"Ìṣó," ni ìyá náà wí, bíi pé ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ náà. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó béèrè ibi tí ọmọ wà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tú òṣùká rẹ̀ tó fi ru ẹrù mi wá, ó na aṣọ náà, ó sì fi wé ọmọ náà látorí délẹ̀. Aṣọ náà ṣe wẹ́kú.

Nígbà tó jáde, mo yíjú sí ọkọ mi. "Ìṣó wo?"

"Jọ̀ọ́."

"Ìṣó wo? Ẹ sọ fún mi. Mo wà níbẹ̀. Mo fetí mi gbọ́."

"Ṣé kí n pa á ni?" Ó wo ẹnu ilẹ̀kùn. "Ẹnìkan ti lọ lónìí. Bí mo bá sọ fún un pé àtàǹpàkò rẹ̀ ló ṣe é, kò ní délé. Èmi nìkan ló ní. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

Mo bínú sí i débi pé mi ò lè sunkún. Mo bínú sí òun, sí ìyá rẹ̀, sí òyìnbó tó fi alùpùpù sílẹ̀ lọ. Mo ní bí ó bá bi mí, mo máa sọ. Ọkọ mi ní kò ní bi mí. Òótọ́ ló sọ, kò bi mí.

Ohun tó ṣe ni pé ó wá agolo mílíìkì kan, ó sì jáde sójú títì. Ó ń rìn lẹ́bàá ọ̀nà láti ẹnu ọgbà wa títí dé ibi tí a ti ṣubú, ó bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀, ó ń ṣa ìṣó. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń fọn fèrè lé e lórí. Ní Mile One, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń ṣí àpótí ẹrù lójoojúmọ́, ìṣó kì í wọ́n nílẹ̀. Á kó wọn wálé, á dà wọ́n sínú kòtò tí ó gbẹ́ sẹ́yìn ilé ìdáná, á tẹ̀ ẹ́ pa. Lọ́jọ́ kejì á tún lọ. Kò pẹ́ tí àdúgbò fi sọ ọ́ ní Mama Nail. Wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti yí, àwọn kan sì ń bá a ṣa díẹ̀ nítorí àánú.

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún un. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ó tó."

"Ọ̀kan nínú wọn ló pa ọmọ mi," ni ìyá náà wí. "Mi ò mọ èwo ni. Bí mo bá ṣa gbogbo wọn, á wà nínú wọn."

Ẹ rí i, irọ́ tí a fi gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀ ló wá tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ba. Ẹni tí kò fi ìgbà kan bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìkòkò rí, ìṣó ló wá sọ ọ́ di abuké. Ọkọ mi ń wò ó, ó ń rù. Láràárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́, á yọ gééjì, á wọn táyà, á fẹ́ ti ẹ̀yìn dé méjìdínlọ́gbọ̀n gẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó máa jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò gùn ún mọ́ láyé.

Ìbínú mi gbé mi jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti lọ sọ òótọ́ fún un. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Mo bá a lẹ́bàá ọ̀nà, òógùn ń kán ní imú rẹ̀, ó sì gbé agolo náà sókè kí n lè rí inú rẹ̀. "Wò ó, ìyàwó, méjì péré lónìí," ni ó wí. "Ọ̀nà ti ń mọ́. Bí òmíràn bá dé, ẹ máa rí ọ̀nà gbà." Mo gbé ọ̀rọ̀ tí mo ti tò mì. Mo gba agolo lọ́wọ́ rẹ̀, a sì jọ rìn wálé.

Nígbà tí òjò padà dé, kò dúró sílé. Omi bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kò rí ilẹ̀ mọ́, ó wá ń fi ẹsẹ̀ wá a nínú ẹrẹ̀. Ó délé lọ́jọ́ kan, ó ń tiro. Ìṣó ti wọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun ti fà á yọ, òun ti fi omi fọ̀ ọ́, ó sì ní kí n bá òun gbé epo pupa kaná. A fi epo gbígbóná kán an. A bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ ká lọ sí ọsibítù. Ó ní ṣé nítorí ẹ̀gún ni àbí kí ni. Mi ò rí i kó ju ìṣó náà sínú agolo. Mi ò sì fọkàn sí i.

Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà kó tó sọ pé ẹ̀kọ ò wọ ẹnu òun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń le. Kó tó di ọ̀sán, ọrùn rẹ̀ náà ti gan, a sì fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà fi ọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ọkọ mi, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo rí ẹ̀yìn ọkọ mi bó ṣe ń gbọ̀n. Mi ò bi í ohun tí dókítà sọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí ara rẹ̀ dẹ̀ díẹ̀ láàárín gíganpa kan sí èkejì, ìyá náà na ìka sí ìró rẹ̀ tó wà ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó ta kókó sí ìṣẹ́tí rẹ̀. Mo tú u. Ìṣó kan ló wà níbẹ̀, kúkúrú, ó ti dípẹtà, irú èyí tí wọ́n fi ń kan àpótí ẹrù ní wáàfù. Mo gbé e lé e lọ́wọ́.

"Òun nìyí," ni ó wí. Inú eyín tó ti há ló gba ọ̀rọ̀ náà jáde, a sì ní láti sún mọ́ ọn kí a tó gbọ́. "Mo ti rí i. Bó ṣe gún mi ni mo mọ̀ pé òun ni."

Ọkọ mi kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé iwájú orí lé ọwọ́ ìyá rẹ̀. "Òun ni, Màámi," ni ó wí. "Ẹ ti rí i."

Ìyá náà kò wò ó. Èmi ló ń wò. Orí rẹ̀ kò lè yí mọ́, ojú rẹ̀ nìkan ló fi wá mi títí ó fi rí mi.

"Ìyàwó," ni ó wí. "Ìwọ kì í purọ́ fún mi. Ṣé òun ni?"

Ọkọ mi gbé orí sókè, ó wò mí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n wà lẹ́nu mi, ọ̀kan ò sọnù: afẹ́fẹ́, ọrùn túùbù, àtàǹpàkò, òṣùká. Mo wo ìṣó náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Òun ni, Mà," ni mo wí.

Ohun kan ṣe ojú rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti gan débi pé mi ò lè sọ bóyá ẹ̀rín ni tàbí àìsàn náà. Ó ṣí ọwọ́, ó ní kí n fi ìṣó náà sínú kòtò pẹ̀lú àwọn yòókù, kí n sì tẹ̀ ẹ́ pa dáadáa, kí ó má baà bọ́ sójú ọ̀nà mọ́. Mo ní mo gbọ́. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì jókòó tì í títí wọ́n fi ní kí a máa lọ.